Sátidé Méjìlá ní Kíláàsì Àwòrán: Ẹ Gbọ́ Tẹnu Mi Kí Ẹ Tó Sanwó

Télọ̀ ni mí. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán, Ìbàdàn ni mo sì ti ń rán an láti ọdún 2001. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún yìí títí wọ oṣù kẹrin, ọ̀sán Sátidé méjìlá ni mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, tí mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Kíláàsì àwọn àgbàlagbà ni. Aago mẹ́ta la máa ń bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ la máa ń ṣíwọ́, ₦40,000 sì ni owó gbogbo ẹ̀. Ẹni ọdún 48 ni mí, n ò sì ya nǹkan kan rí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àfi pátánà tí mo bá fẹ́ gé, àti ìgbìyànjú kan lọ́dún tó kọjá tí kò yọrí sí rere.

Tíṣà wa bẹ̀ mí pé kí n má gbé orúkọ òun àti àdírẹ́sì ibẹ̀ síta, nítorí àga mẹ́sàn-án péré ló wà nínú yàrá náà, àwọn tó sì ti forúkọ sílẹ̀ de èyí tó ń bọ̀ ti ju mẹ́sàn-án lọ. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n irú kíláàsì báyìí kì í ṣe ẹyọ kan, mo ń rí ìpolówó wọn lórí fóònù lójoojúmọ́, owó tí wọ́n ń bèèrè kì í sì í ṣe owó kékeré. Ká ní mo rí ẹni sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí fún mi lọ́dún tó kọjá ni, owó àkọ́kọ́ tí mo ná ì bá má wọgbó.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀ ni pé oníbàárà á gbé fóònù dé, á ní irú stáìlì báyìí ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n kí ọrùn ẹ̀ dà bíi ti ọ̀kan yìí, kí apá ẹ̀ sì dà bíi ti èkejì. Lọ́kàn mi, mo máa ń rí aṣọ yẹn kedere, àfi bí ẹni pé mo ti rán an tán. Fífi han ẹlòmíràn ni n ò lè ṣe. Màá máa fi ọwọ́ júwe lójú afẹ́fẹ́, òun náà á máa mi orí pé ó yé òun. Ó di ọjọ́ tó bá wá gbé aṣọ kó tó hàn pé ohun tí mò ń rò kọ́ lòun ń rò. Nínú oṣù Kejìlá, ìyá ìyàwó kan gbé léèsì wá, ó ní apá tó wú lòun ń fẹ́. Èjìká ni mo ti wú u. Ìsàlẹ̀ ìgúnpá ni òun ń wí. Léèsì tí wọ́n bá sì ti gé, ó ti gé náà nìyẹn. Mo fi owó ara mi ra yáàdì méjì, mo tún apá méjèèjì rán, mo sì pinnu lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé mo máa padà sídìí ohun tí mo ti pa tì. Torí mo ti gbìyànjú àwòrán yíyà rí.

Oṣù keje ọdún tó kọjá nìyẹn. Mo rí ìpolówó kan tó ní ẹnikẹ́ni lè mọ àwòrán yà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. ₦18,500. Mo san án lójú ẹsẹ̀. Fídíò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó ń yà á nínú fídíò mọ̀ ọ́n yà, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú kí fídíò náà máa sáré. Ojú ènìyàn tó yẹ kó gba odidi wákàtí kan á parí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọwọ́ ẹni náà á máa fò lórí bébà. Màá dá a dúró, màá yà díẹ̀, màá tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú tí mo yà ti ń jọ ojú inú fídíò díẹ̀. Mo wá gbé orí sókè lọ́jọ́ kan, mo wo ọmọ iṣẹ́ mi tó jókòó sídìí maṣíìnì, mo ní kí n ya òun. N ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n kà á, wọn ò dáhùn. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni èsì tó dé, ìpolówó kíláàsì mìíràn sì ni. Mo bèèrè owó mi, wọ́n ní àwọn kì í dá owó padà. Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Kì í ṣe tìtorí owó nìkan. Wọ́n jẹ́ kí n gbà pé ọwọ́ mi ló kú, pé àwòrán kì í ṣe ohun tí àgbà ń kọ́.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn yàrá yẹn ní Sátidé àkọ́kọ́. Àwa mẹ́sàn-án ni: màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bùọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, káfíńtà kan, ìyàwó pásítọ̀ kan, àti àwọn mìíràn. Tíṣà náà kò tíì tó ẹni ogójì ọdún. "Mà" ló ń pe èmi àti nọ́ọ̀sì, "Ọ̀gá" làwa náà ń pè é. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé kọ́ọ̀pù onírin kan kalẹ̀ sórí àpótí, irú kọ́ọ̀pù funfun tí etí ẹ̀ jẹ́ búlúù, tí àwọn ìyá wa fi ń mu ògì. Ó ti họ níbì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin dúdú ti yọ. Ó ní ká yà á, ó sì fún wa ní ogún ìṣẹ́jú.

Nígbà tí àkókò pé, ó gba bébà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ níwájú wa. Gbogbo ẹnu kọ́ọ̀pù pátá ló róbótó bí òṣùpá. Gbogbo ìdí kọ́ọ̀pù ló tẹ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kì í ṣe kọ́ọ̀pù tí ẹ rí lẹ yà. Kọ́ọ̀pù tí ẹ mọ̀ lẹ yà." Ó wá gbé kọ́ọ̀pù náà dání, ó ń bá a lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Tó bá gbé e dé ọ̀gangan ojú ẹni, ẹnu kọ́ọ̀pù á pa dé, á di ìlà kan ṣoṣo. Tó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ẹnu á là tẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Tó bá tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, á fẹ̀. Àfìgbà tó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pátápátá, tí a dìde dúró tí a wò ó láti òkè, ló tó róbótó bí a ṣe yà á.

Ó ní ká tún wo ìdí ẹ̀. Ìdí náà tẹ̀ kọrọdọ, ó tilẹ̀ tẹ̀ ju ẹnu lọ, nítorí ó wà nísàlẹ̀ ojú wa ju ẹnu lọ. N ò kíyè sí i rí, bẹ́ẹ̀ irú kọ́ọ̀pù yìí ni wọ́n fi tọ́ mi. Ohun tó wá mú mi lọ́kàn jù ni pé ọrùn aṣọ ni mò ń gé jẹun. Ọrùn tí mo gé róbótó lórí tábìlì kì í róbótó mọ́ tí oníbàárà bá wọ̀ ọ́ tó dúró níwájú mi. Á wálẹ̀ níwájú, á gòkè lẹ́yìn, á tẹ̀ bí ẹnu kọ́ọ̀pù yẹn gẹ́lẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ lójú mi láti ọdún 2001. Sátidé yẹn ni mo tó rí i. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ tí mò ń lọ sílé, ọrùn aṣọ àwọn tó jókòó níwájú mi ni mò ń wò títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Odidi Sátidé mẹ́ta la fi wà lórí kọ́ọ̀pù, ìgò àti àpótí ìjókòó. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Bùọ̀dá òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn ní ojú ènìyàn lòun bá wá, òun ò bá ti ìgò wá, a ò sì rí i mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Ó dùn mí, torí ibi tó ti kúrò yẹn gan-an ni owó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé kíláàsì kan tó jẹ́ pé fọ́tò òṣèré ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú yín pé kẹ́ ẹ dà kọ, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí ẹ máa wo nǹkan tó wà nílẹ̀ gidi. Tí wọn ò bá rí ìdáhùn, ẹ máa lọ. Ohun tí mo lọ sanwó fún, tí n ò mọ̀ pé òun ni mo lọ sanwó fún, ni ẹnì kan tó máa mú mi jókòó ti nǹkan kan, tó máa ní, "Ẹ tún wò ó, Mà." Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀gá ń sọ jù lẹ́nu. Ó lè dúró lẹ́yìn ẹni fún ìṣẹ́jú méjì láìfọwọ́ kan bébà ẹni. Kò fi pẹ́ńsù tirẹ̀ tún àwòrán mi ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá fẹ́ fi nǹkan hàn mí, etí bébà ló máa yà á sí, tèmi á wà bó ṣe wà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi pẹ́ńsù wọn nǹkan. Ẹ ó na apá tán, kó má ká rárá, torí tó bá ti ká, ìwọ̀n á yí padà. Ẹ ó di ojú kan. Ẹ ó gbé pẹ́ńsù dúró, kí ṣóńṣó ẹ̀ wà ní ọ̀gangan àtàrí ẹni tí ẹ̀ ń wò, kí èékánná àtàńpàkò yín sì wà ní ọ̀gangan àgbọ̀n ẹ̀. Ìwọ̀n orí nìyẹn. Ẹ ó wá máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ ka iye orí tó wà láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó ń fi téèpù jẹun ni mí, ọwọ́ mi sì tètè gba eléyìí ju ti àwọn yòókù lọ. Káfíńtà jẹ́ orí méje géérégé, nọ́ọ̀sì jẹ́ méje ó lé díẹ̀. Ọ̀gá ní bí àgbà ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, orí méje sí méje ààbọ̀.

Ó wá yọ nǹkan méjì nínú báàgì. Àkọ́kọ́ ni ère ìbejì. A wọ̀n ọ́n, orí mẹ́rin péré, kò tilẹ̀ pé. Èkejì ni àwòrán stáìlì, irú èyí tí àwọn tó ń ṣètò aṣọ tuntun ń yà. Orí mẹ́sàn-án. Ó ní kò sí àṣìṣe nínú méjèèjì. Agbẹ́gilére mọ̀ pé orí lọ̀gá ara, ó sì fún un ní àyè tó tọ́ sí i. Ayàwòrán aṣọ ń fẹ́ kí aṣọ ṣàn wálẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ gùn. Ó ní ohun tí òun ò fẹ́ lọ́wọ́ wa ni kí orí tóbi kí ẹni tó yà á má sì mọ̀ pé ó tóbi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ orí mẹ́sàn-án yìí kan gbogbo télọ̀. Iye oníbàárà tó ti bínú sí mi pé aṣọ kò jókòó sí òun lára bó ṣe jókòó nínú àwòrán kò lóǹkà, èmi náà á sì máa dá ara mi lẹ́bi pé ibo ni mo ti gé e kúrú. Orí mẹ́sàn-án ló wà nínú àwòrán. Orí méje ló dúró níwájú mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú orí méjì tó lé yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi í sí, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó lè rán ẹsẹ̀ kún ẹsẹ̀. Báyìí, tí wọ́n bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá, mo máa ń tún un yà ní orí méje, kí oníbàárà lè rí ibi tí ìbàdí aṣọ àti etí ẹ̀ nísàlẹ̀ máa bọ́ sí lára tirẹ̀ gan-an, kí n tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì.

Ní ti ojú ènìyàn, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àárín méjì orí ni ẹyinjú wà. Ẹ fi pẹ́ńsù wọ̀n ọ́n nínú dígí. Gbogbo wa la máa ń yà á sókè jù, torí pé ojú, imú àti ẹnu là ń bá sọ̀rọ̀, a kì í ka iwájú orí àti irun sí.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ti òpópónà, bó ṣe ń tín-ín-rín bó ṣe ń jìnnà, àti bí òrùlé ilé ọ̀tún àti tòsì ṣe ń sáré lọ pàdé níbì kan. Ó sáré jù níbẹ̀, kò sì yé mi tán títí di ìsinsìnyí. Ìtàn Aina Onabolu tó sọ lọ́jọ́ yẹn ni mo mú lọ sílé. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1882. Kò rí tíṣà kan. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò tó ń yà títí ọwọ́ ẹ̀ fi mọ̀ ọ́n, nígbà tí àwọn kan nínú àwọn òyìnbó ń sọ pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ adúláwọ̀. Akọ̀wé ìjọba ni l'Ékòó, ó ń fi àyè tó bá rí ya ojú àwọn gbajúmọ̀ ìlú, àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tó yà ní 1906 sì wà lára èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ó ti ń lọ sí ẹni ogójì ọdún kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 láti kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó dé, ó ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn l'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré, títí wọ́n fi ń pè é ní "Mr. Perspective". Nọ́ọ̀sì dijú nígbà tí Ọ̀gá sọ̀rọ̀ náà tán. Ó ní, "Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún, tó ti mọ̀ ọ́n yà, ó tún lọ jókòó síwájú tíṣà."

Ó ku ọ̀rọ̀ nǹkan èlò. Wọn ò sọ fún wa ṣáájú pé owó pẹ́ńsù àti bébà ò sí nínú ₦40,000 tí a san. Ọjọ́ tí a débẹ̀ ni wọ́n tó kà á fún wa, ₦9,500 ló sì ná mi. Kò dáa bẹ́ẹ̀, mo sọ fún Ọ̀gá lójú ẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì ṣe ra páálí pẹ́ńsù olówó pọ́ọ́kú tó ní méjìlá nínú. Mo ra ọ̀kan lọ́jà. Wọ́n kọ 2B, 4B, 6B sí wọn lára, bí ẹni pé ọ̀kan dúdú ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n bákan náà ni gbogbo wọn ń kọ, lẹ́ẹ̀dì wọn sì ti kán sínú igi kí n tó gbẹ́ wọn. Pẹ́ńsù mẹ́ta tó dára tó: HB, 2B, 6B. Faber-Castell 9000 ni mò ń lò báyìí, èyí tí ara igi ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tí ilé iṣẹ́ Jámánì yẹn ti ń ṣe láti 1905. Ẹyọ ẹyọ ni mo rà wọ́n. HB ẹ̀ á ṣe ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, 6B á máa yọ̀ lórí bébà bí òrí. Ọ̀gá ṣàlàyé pé ohun tí à ń pè ní lẹ́ẹ̀dì kì í ṣe òjé rárá. Òkúta dúdú rírọ̀ kan ni, graphite lorúkọ ẹ̀. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀, wọ́n á sì sun ún nínú iná. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Conté ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí ní 1795. Tí amọ̀ bá pọ̀, pẹ́ńsù á le, ìlà ẹ̀ á sì ṣí. Tí amọ̀ bá kéré, á rọ̀, á dúdú. H ni ti líle, B ni ti dúdú. Abẹ ni kẹ́ ẹ máa fi gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ṣápúnà, kí lẹ́ẹ̀dì lè gùn jáde dáadáa, kẹ́ ẹ lè fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kun òjìji.

A ò rí írésà rírọ̀ tí àwọn ayàwòrán ń lò rà. Ọ̀gá bá ya inú búrẹ́dì, ó fi ìka rọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá rọ òkèlè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí a fi èédú kùn, ibẹ̀ sì mọ́. Búrẹ́dì ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù fi ń pa nǹkan rẹ́ kí rọ́bà tó dé ní nǹkan bí ọdún 1770. Búrẹ́dì tí òróró ò pọ̀ nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, bíbẹ́ẹ̀kọ́ á ta epo sí bébà yín. Ní ti bébà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá kan òjìji, ó ti tín-ín-rín jù, á ya. Ìwé tó nípọn ni kẹ́ ẹ rà, gíráàmù 150 sókè.

Àwọn ohun tí kò dára níbẹ̀ nìyí, kí n má baà dà bí ẹni tí wọ́n háyà. Yàrá náà gbóná. Oṣù kẹta, aago mẹ́ta ọ̀sán, abẹ́ páànù, n'Ìbàdàn: ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń wí. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, ó di ìgbà tí a jà sí i lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó máa tàn án. Ọjọ́ tó dùn mí jù ni ọjọ́ tí à ń ya ẹyin. Ọ̀gá ti gbé iná sí apá òsì ẹyin funfun kan lórí bébà funfun, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí kò jẹ́ kí ẹyin mi dà bí ẹyin láti àárọ̀. Ibi tó dúdú jù lára ẹyin kì í ṣe etí ẹ̀ nísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń ta padà láti ara bébà tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó ń rá wọ etí ìsàlẹ̀ yẹn fẹ́ẹ́rẹ́, òkùnkùn gidi sì wà lókè ẹ̀ díẹ̀. Bí mo ṣe gbé pẹ́ńsù báyìí, iná lọ. Òjìji pòórá, ẹyin di pẹlẹbẹ. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹnì kan ti gbún àpótí, ẹyin ti yí kúrò níbi tó wà.

Kò sí tábìlì, orí itan la ń gbé pátákó lé, ẹ̀yìn á sì máa ro ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún. Ọ̀gá pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì, ó tó ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kò sì san àkókò yẹn padà. Kì í sì í yin ènìyàn. Ìyàwó pásítọ̀ sunkún lọ́sẹ̀ kẹfà, torí "Ẹ tún wò ó, Mà" ló ń gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Èmi bá Ọ̀gá sọ ọ́ níta pé àgbà náà ń fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé ó kú iṣẹ́. Ó gbọ́, ó sì gbìyànjú. Máàkì tí mo máa fún kíláàsì náà ni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ká ní tábìlì wà, ká ní wọ́n ka owó nǹkan èlò mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀, ì bá di mẹ́sàn-án.

Ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan ti yí padà. Oníbàárà kan tún dé lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ apá tó wú. Mo fa bébà yọ, mo ya ara ẹ̀ ní orí méje, mo fi apá sí i. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó fi ìka sí i, ó ní, "Àǹtí, ẹ mú wíwú yẹn wálẹ̀ díẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ níbí." Mo pa á rẹ́, mo mú un wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ìyẹn nìkan ti dá owó kíláàsì padà fún mi.

Ṣùgbọ́n èyí tí n ò lè fi owó díwọ̀n ni mo fi gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ kọkànlá ni ká ya ẹni tó súnmọ́ wa, ká jókòó tì í fún wákàtí kan, kò gbọdọ̀ jẹ́ láti inú fọ́tò. Mo lọ sí Ìsẹ́yìn lọ bá màmá mi. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo gbé àga fún wọn síwájú ilé, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà lórí itan bí mo ṣe ń yà wọ́n. Àbàjà ni ìlà ojú wọn, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ìlà yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yà, torí òun lèmi mọ̀ mọ́ ìyá mi. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù wá sọ sí mi lọ́kàn, mo fi ìlà sílẹ̀. Mo ya bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yọ, mo ya ibi tó ti jìn, mo fi òjìji sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ìlà ọ̀hún kò tọ́ gbọọrọ bí mo ṣe rò ó láti kékeré. Ó ń gun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń sọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ń tẹ̀ bí ara ṣe tẹ̀. Mo tún rí i pé ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì kúrú, kò tó ìdajì àwọn tó wà lókè ẹ̀. Ọdún 48 ni mo ti ń wo ojú yẹn.

Mo bi wọ́n. Wọ́n gbé ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n fi ìka wá ibẹ̀ lójú ara wọn. Wọ́n ní ìyá àwọn sọ fún àwọn pé nígbà tó ku ìlà kan ṣoṣo, àwọn já orí gbà mọ́ olóólà lọ́wọ́, ìyá wọn sì ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tó. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Èmi náà ò gbọ́ ọ rí, torí kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Wọ́n gba bébà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e súnmọ́. Wọ́n ní mo ti ya ìlà yẹn gùn jù. Òótọ́ ni. Mo tẹ búrẹ́dì mọ́ ọn, mo gé e kúrú.